Ìtàkùn Makatu

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Peechin, ìjòyè ọba, fẹ́ wá wo oko, kò sẹ́ni tó ráyè jẹun ní Hamabaru. Láti ìgbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko ni àwọn ọkùnrin ti wà lóko, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ ṣa ewé gbígbẹ tó já bọ́ sórí ebè ọ̀dùnkún. Àwọn obìnrin ń gbá ojú ọ̀nà, wọ́n ń da iyanrìn funfun etíkun sí i. Wọ́n tilẹ̀ wẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni abúlé náà ti fìdí rẹmi nínú ìdíje oko, ẹni tí kò bá sì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ ní Okinawa wa yìí, láyé ìgbà tí ọba ṣì wà ní Shuri, kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ìtìjú.

Lọ́dọọdún ni àwọn ìjòyè máa ń rin abúlé dé abúlé. Wọ́n á wo ebè, wọ́n á wo igbó igi orí òkè, wọ́n á wo ọgbà ẹ̀yìn ilé tí à ń pè ní atai. Lẹ́yìn náà, gbogbo abúlé agbègbè náà á péjọ sí pápá ìsáré ẹṣin. Abúlé tó borí á jókòó sábẹ́ igi, wọ́n á gba ọtí lọ́wọ́ ìjòyè. Abúlé tó fìdí rẹmi á dúró sínú oòrùn, lọ́kùnrin lóbìnrin, wọ́n á tẹríba fún àwọn tó borí, àwọn yẹn á sì máa fi wọ́n kọrin. Orin tí àwọn ará Uibaru fi Hamabaru kọ lọ́dún tó kọjá ni pé koríko ni wọ́n ń sè jẹ. Àwọn ọmọ Hamabaru fúnra wọn mọ orin náà dáadáa. Bí wọ́n bá gbàgbé ara wọn tí wọ́n kọ ọ́ níbi eré, ìyá wọn á gbá wọn létí.

Ilé tí Baba Kanii, olórí abúlé, ń bẹ̀rù jù lọ́jọ́ náà ni ilé Makatu, èyí sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu, nítorí ogún ọdún ni atai Makatu ti jẹ́ àwòkọ́ṣe fún gbogbo abúlé. Opó ni Makatu, ẹni àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀, obìnrin tó máa ń gbá ilẹ̀ ọgbà rẹ̀ bí ẹni ń gbá iyàrá. Wọ́n máa ń sọ pé bí ìrẹsì bá dà sílẹ̀ nínú ọgbà Makatu, èèyàn lè ṣà á sè láìfọ̀ ọ́. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló wá da gbogbo rẹ̀ rú.

Nabii ni orúkọ ìyàwó náà. Ìkòkò ni ìtumọ̀ orúkọ yìí, nítorí náà ọjọ́ tó dé làwọn obìnrin ìdí kànga ti ń pa á láṣà pé ìkòkò ti dé, kí wọ́n tètè dáná. Sanraa, ọmọ kan ṣoṣo tí Makatu bí, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ló lọ fẹ́ ẹ ní erékùṣù kékeré kan níhà ìwọ̀ oòrùn. Wọ́n ti fín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú bí ti gbogbo obìnrin tó ti lọ́kọ, ṣùgbọ́n àmì erékùṣù wọn ni wọ́n fín sí i, kò jọ ti wa. Ó kàn ní láti na ọwọ́ gba igbá omi ni, gbogbo ayé á ti mọ̀ pé àlejò ni.

Ohun tí Nabii ṣe nínú atai kò ju pé ó mú ìtàkùn ọ̀dùnkún wálé láti oko. Kò kọ ebè fún un. Ó gé e wẹ́wẹ́, ó tì í sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ lábẹ́ àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí à ń fi okùn rẹ̀ hun aṣọ, ó jẹ́ kó máa rá lọ síbi tó bá wù ú. Níbi tí òjìji ti pọ̀, ó gbin handama, ewé kan báyìí tí òkè rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́. Kò dúró de kí ọ̀dùnkún náà ta lábẹ́ ilẹ̀. Ewé ló ń fẹ́. Àràárọ̀ ló ń já ọ̀mùnú rẹ̀ fún ọbẹ̀, bó bá sì ti ń já a ló túbọ̀ ń pẹ̀ka. Kó tó di oṣù mẹ́fà, kò sí ibì kan nínú ọgbà náà tí ilẹ̀ ti hàn mọ́.

"Ìyàwó," Makatu bi í lọ́jọ́ kan, "ṣé igbó lo fẹ́ fi ilé ọkọ rẹ dá ni?"

"Rárá o, Ìyá. Lọ́dọ̀ wa, afẹ́fẹ́ pọ̀. Ilẹ̀ tó bá wà ní ìhòòhò, òkun ló ń gbé e lọ. Ẹni tí ilẹ̀ ọgbà rẹ̀ bá hàn síta, ojú ń tì í gan-an."

"Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹni tí tirẹ̀ ò bá hàn lojú ń tì."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Makatu jẹ ọbẹ̀ ewé náà, ó tún bu òmíràn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú tí kànga ń gbẹ, tí àwọn obìnrin ń du omi láti fi bomi rin ọgbà, ilẹ̀ abẹ́ ìtàkùn náà ṣì tutù. Koríko kò ráyè hù níbẹ̀, nítorí náà Makatu kò fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́, ẹ̀yìn tó ti ń dùn ún láti ọdún mẹ́ta sì fi í sílẹ̀. Ó lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀, ó ní, "Ìkòkò tẹ́ ẹ̀ ń fi ṣẹlẹ́yà yẹn mọ ọbẹ̀ẹ́ sè o." Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ó fẹ́ràn ìtàkùn náà, ó sì fẹ́ràn ẹni tó gbìn ín. Bí kò bá fẹ́ràn wọn ni, ọ̀rọ̀ mi ì bá dín kù.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Peechin dé, Baba Kanii wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà Makatu, kò gba omi mu.

"Ìyá Makatu, ẹ ti rí nǹkan tó wà lẹ́yìnkùlé yín. Koríko lẹ̀ ń sè jẹ. Àwọn ará Uibaru ò ní wá orin tuntun lọ́dún yìí, èyí tí wọ́n kọ lésìí á ṣì wúlò fún wọn."

"Màá fà á tu, Baba. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu."

Kò fà á tu. Lójoojúmọ́ ló ń gbé agbọ̀n jáde, á wo ọ̀mùnú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, á gé ti ọbẹ̀, á ní ó di ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ lọ̀la fi dé, tí Peechin sì fi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Arẹwà ọkùnrin ni Peechin. Ó wọ aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀já ńlá dì níwájú, fìlà aláwọ̀ ìyeyè wà lórí rẹ̀, ìkótí fàdákà yọ lẹ́yìn irun rẹ̀. Akọ̀wé ń tẹ̀lé e pẹ̀lú tàdáwà, gbogbo abúlé sì ń tẹ̀lé akọ̀wé, wọn ò jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn dún. Ó kọjá lára ògiri òkúta iyùn, ó yọ sí atai, ó dúró. Kò bínú rárá. Ó kàn béèrè bí ẹni ń béèrè ọ̀nà ni.

"Ta ló ni igbó yìí?"

Makatu wà lórí eékún. Nabii dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò omi, igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Makatu lè sọ pé tèmi ni. Ó lè sọ pé tiwa ni. Ó rí ojú àwọn ará abúlé, ó rí ojú Baba Kanii tó ti ń wo ilẹ̀, ó sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó ọmọ mi ni, Ọlọ́lá. Ará erékùṣù ni. Wọn ò mọ oko níbẹ̀."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, àwọn yòókù bá a rẹ́rìn-ín, nítorí ọkàn wọn fúyẹ́. Ẹni tí wọ́n á di ẹ̀bi rù ti wà, àlejò sì ni. Peechin yíjú sí Nabii. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́lá," ni Nabii wí. Kò wo ìyá ọkọ rẹ̀.

"Kó fà á tu kí n tó kúrò lábúlé yìí."

Ojú gbogbo èèyàn ló ti kúnlẹ̀ fà á tu, pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fín ní àmì àjèjì yẹn. Kò fi ìkanra fà á. Ó ń tú gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń ká ìtàkùn náà bí ẹni ń ká okùn ẹja. Makatu lọ gbé agbọ̀n méjì wá fún un. Títí tó fi kú ló ń rántí pé agbọ̀n nìkan lòun gbé lọ́jọ́ náà, pé ọwọ́ òun kò kan ewé kan ṣoṣo.

"Dà á fún ẹlẹ́dẹ̀," ló sọ fún Nabii.

Nabii gbé agbọ̀n méjèèjì, ó jáde. Kò yà sí ọ̀nà ilé ẹlẹ́dẹ̀, ṣùgbọ́n Makatu kò wò ó dé ibẹ̀.

Hamabaru ló borí lọ́dún náà. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi, wọ́n mu ọtí ìjòyè, wọ́n sì fi Uibaru kọrin dọ́ba. Makatu mu nínú ọtí náà. Ó ní ó korò lẹ́nu òun, ṣùgbọ́n ó mu ún tán. Nabii kò lọ sí pápá, oyún oṣù kẹrin ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ń sè, ó ń hun, ó ń sọ pé "Ẹ jẹun, Ìyá," bó ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ì bá tiẹ̀ sàn kó bú u.

Ní òpin oṣù kẹfà, ìjì dé. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jà, nígbà tó sì yẹ kí òjò ìparí rọ̀, òjò kò rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gbé etíkun mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Iyọ̀ òkun ti bo gbogbo ewé, kò sí omi tó máa fọ̀ ọ́ kúrò, oòrùn sì yọ sí i. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo oko Hamabaru ti dúdú. Àwọn ebè gíga tí wọ́n ti ṣa ewé ara wọn mọ́ tónítóní, afẹ́fẹ́ ti gbé ilẹ̀ wọn lọ, ọ̀dùnkún kéékèèké sì wà níta bí eyín. Wọ́n ṣà wọ́n jẹ, wọ́n tán. Ìtàkùn là ń gbìn ní ilẹ̀ wa, ìtàkùn sì ti kú pátá. Wọ́n rán èèyàn sí Uibaru láti lọ tọrọ ìtàkùn, ó bá ẹni tí Uibaru rán sí Hamabaru lójú ọ̀nà. Bí oṣù kan bá kọjá láìgbìn, àwọn arúgbó á kọ́kọ́ lọ, àwọn ọmọ ọwọ́ á tẹ̀lé e. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, gbogbo wọn ló mọ iye òkú tí ìdílé wọn sin nígbà náà.

Ní ọjọ́ kẹrin ni Nabii sọ fún Makatu pé, "Ìyá, ìtàkùn wà."

Ó mú un lọ sẹ́yìn òkè, níbi tí ibojì ìdílé wọn wà. Ibojì wa, bí ẹ̀yìn ìjàpá ló rí, a máa ń kọ ọ́ wọ inú òkè, a ó sì mọ ògiri yí àgbàlá iwájú rẹ̀ ká. Ibojì yìí kọ ẹ̀yìn sí òkun. Bí kì í bá ṣe ọjọ́ tí à ń lọ kí àwọn òkú wa, ẹnikẹ́ni kì í fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, kí a má tilẹ̀ sọ pé ká gbin oúnjẹ síbẹ̀. Gbogbo àgbàlá náà tutù yọ̀yọ̀. Ìtàkùn ti bo òkúta, ó ti rá dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti gbé ọkọ Makatu wọlé, handama sì wà lẹ́bàá ògiri.

Makatu jókòó sílẹ̀. "O gbìn ín síwájú Baba Sanraa?"

"Baba nìkan ni kò ní kí n fà á tu."

Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé pé lọ́jọ́ tí ìjì dá, òun ti ru omi láti ìsun, ìgbà mọ́kànlá, òun sì ti wẹ iyọ̀ kúrò lára ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Aláboyún ni.

"Ẹ gbé e fún wọn, Ìyá. Bó bá jẹ́ èmi ni, wọ́n á béèrè ibi tí mo ti rí i. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ti ibojì ni, wọn ò ní gbìn ín, ebi á sì pa wọ́n kú."

Makatu gbé e lọ. Ó dà á sílẹ̀ níwájú ilé Baba Kanii, agbọ̀n kan, èkejì, ẹ̀kẹta. Àwọn èèyàn ń sáré bọ̀, àwọn mìíràn ń sunkún. Baba Kanii mú ìtàkùn kan, ó gbé e sójú bí ẹni tí kò gbà á gbọ́.

"Ìyá Makatu, níbo lẹ ti rí i?"

Nabii kò ní kí Makatu sọ pé tòun ni. Kó má sọ̀rọ̀ ibojì nìkan ló wí. Ó lè sọ pé ìyàwó mi ló fi pa mọ́, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo abúlé ń wò ó bí wọn kò ṣe wò ó rí.

"Mo fi pa mọ́ ni," ló wí.

Mo. Ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan kan lẹ́nu. Wọ́n wólẹ̀ fún un. Wọ́n gbin ìtàkùn náà, ó mú, wọ́n fún Uibaru nínú rẹ̀, Uibaru fún àwọn mìíràn, wọ́n sì ń pè é ní Ìtàkùn Makatu láti abúlé dé abúlé. Nígbà tí Peechin padà wá lọ́dún kejì, òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí ẹní Makatu, ó gba tíì lọ́wọ́ Nabii, tó pọn Utu, ọmọbìnrin rẹ̀, sẹ́yìn.

"Mo rántí ilé yìí," ni Peechin wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó sọ ọgbà di igbó, ìyá ọkọ sì gba ìlú là. Ẹ kọ́ ọ dáadáa, Ìyá."

Makatu foríbalẹ̀. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá gbé e sókè, ojú òun á bá ti Nabii pàdé. Nígbà tó gbé e sókè, Nabii ti wọlé lọ fọ ife.

Báyìí ni ọdún mẹ́fà ṣe lọ. Sanraa ń lọ sókun, ó ń bọ̀, ìyàwó rẹ̀ kò sì sọ fún un. Makatu máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun á sọ ọ́ bí a bá kórè, bí àlejò bá lọ tán, bí Utu bá dàgbà díẹ̀ sí i. Ó ń lọ gbá àgbàlá ibojì fúnra rẹ̀, ó sì ń fi ìtàkùn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ní ọdún keje, ibà mú Nabii, ọjọ́ márùn-ún péré ló fi ṣe é. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni.

Gbogbo abúlé ló gbé e lọ, nítorí ti Makatu. Nígbà tí wọ́n dé àgbàlá ibojì, wọ́n dúró. Ìtàkùn ti bo gbogbo rẹ̀, wọn ò rí ibi tí wọ́n á sọ òkú kalẹ̀ sí. Baba Kanii, tó ti darúgbó, wò ó, ó sì yíjú sí Makatu. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí Peechin sọ lòun ń sọ.

"Ta ló ni igbó yìí?"

"Ìyàwó ọmọ mi ni," ni Makatu wí.

Ẹnu rẹ̀ ló ti jáde nígbà àkọ́kọ́, ẹnu rẹ̀ náà ló tún ti jáde. Ó sọ ọ́ ketekete, ó gbé orí sókè, ó rò pé òun ti sọ ẹrù náà kalẹ̀ níkẹyìn. Ó wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pòṣé.

"Níwájú òkú," obìnrin kan wí. "Ó mà ṣe o. Irú ohun tí Ìyá yìí fara dà lọ́wọ́ ọmọ erékùṣù yìí."

"Ẹ gbọ́ mi," ni Makatu wí. "Ìtàkùn tẹ́ ẹ fi là nígbà ìjì, ibí ni mo ti gé e. Òun ló gbìn ín. Òun ló ru omi sí i. Mi ò fi nǹkan kan pa mọ́, mo parọ́ fún yín ni. Orúkọ rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ máa pè é."

Baba Kanii wá sún mọ́ ọn, ó gbá a lọ́wọ́ mú. Omi ti lé sí i lójú.

"Ẹ ò rí bí ó ṣe fẹ́ràn ìyàwó ọmọ rẹ̀," ló sọ fún àwọn yòókù. "Ó fẹ́ fi orúkọ tirẹ̀ bo ìtìjú ọmọ náà mọ́lẹ̀. Ìyá, ẹ sinmi. A ti gbọ́."

Bí wọ́n ṣe yìn ín nìyẹn. Bó ti ń tẹnu mọ́ ọn ni wọ́n túbọ̀ ń yìn ín. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìtàkùn náà tu kí wọ́n lè ráyè gbé Nabii kalẹ̀. Nígbà náà ni Makatu kúnlẹ̀ sáàárín wọn, ó gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tú gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì ń ká a. Ó gbé e lọ sílé, ó gbìn ín sí atai, ilẹ̀ ọgbà náà kò sì hàn síta mọ́ títí tó fi kú.

Ọdún mọ́kànlá ló tún lò láyé. Kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ àyàfi Utu, tí Makatu máa ń mú lọ́wọ́ lọ sínú ọgbà. Utu ló bí ìyá ìyá mi, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Láti ìgbà náà, ọba ti kúrò ní Shuri, ìdíje oko ti di ohun ìgbàgbé, ìjọba sì ti ní kí obìnrin má fín ọwọ́ mọ́, kò sí ẹni tó lè wo ọwọ́ mi kó mọ erékùṣù tí ẹ̀jẹ̀ mi ti wá. Ìtàkùn náà kò kúrò, ó wà lẹ́yìn gbogbo ilé.

Nínú ilé tiwa, ti Nabii là ń pè é. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e dé ọjà, Makatu lèmi náà ń pè é, nítorí bí mo bá pe orúkọ kejì, wọn ò ní mọ ohun tí mò ń tà.